Ẹ Bi Ìyá Oníwèé: Ìpara Làpálàpá àti Ìlọrin Etí Òkun

Lẹ́tà yín pọ̀ lóṣù yìí, ẹ̀bi tèmi sì ni. Lóṣù tó kọjá, mo kàn fẹnu bà á gẹ́rẹ́ níbí pé ìtàn àwọn ẹ̀dá tó ti òde ayé wá ni mo ń kà lálaalẹ́, àwọn ìwé tí òkú ti ń rìn, tí irin ń ronú, tí ọkọ̀ ń gbé èèyàn lọ sójú ìràwọ̀. Mo rò pé ẹ máa ní ìyá àgbà ti ń ṣarán. Àṣé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń kà á lábẹ́lẹ̀! Ẹnì kan tiẹ̀ jẹ́wọ́ pé inú ìwé orin ìjọ lòun máa ń há tòun sí. Mi ò ní sọ ìjọ tó jẹ́.

Ẹni tó bá jẹ́ àlejò lójú ìwé yìí, ọdún 28 ni mo fi ṣọ́ ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ girama kan n'Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo bá sọ níbí, ẹnu ara mi ni. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ tún kọ lẹ́tà.

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọ̀rẹ́ mi kan yá mi ní Rosewater, ìwé Tade Thompson. Gbogbo èèyàn ló ń yìn ín, ṣùgbọ́n mo ti dé ojú ìwé 70, orí mi sì ti dàrú. Mo wà ní ọdún 2066, mo ṣí ewé kan, wọ́n ti gbé mi padà sẹ́yìn. Mo ṣí òmíràn, wọ́n tún gbé mi wá síwájú. Ṣé kí n pa á tì ni? Kí lẹ̀yin fúnra yín sì ń kà lọ́wọ́?
*Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀*

Ọmọ mi, má pa á tì. Òun gan-an ni mo ń kà lọ́wọ́, ìgbà kejì mi sì nìyí. Nígbà àkọ́kọ́, ibi tí o dé yẹn lèmi náà dé tí mo fi gbé e jù sórí fìríìjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà níbẹ̀ tí eruku ń bò ó. Ohun tó dá mi padà sídìí ẹ̀ ni ìpara làpálàpá.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn tí kò tíì kà á. Ìlú Rosewater wà ní Nàìjíríà níbí, ọdún 2066. Àlejò kan tó ti ojú ọ̀run já bọ́ ló wà lábẹ́ ilẹ̀, ó fi nǹkan kan bí igbá ńlá dé orí ara rẹ̀, àwọn èèyàn sì wá kọ́lé yí igbá náà ká. Kaaro ni ẹni tó ń sọ ìtàn fún wa. Olè ni tẹ́lẹ̀ rí, ó máa ń fọkàn mọ ibi tí èèyàn tọ́jú nǹkan sí. Báyìí, báǹkì kan gbà á síṣẹ́ pé kó máa fi ọkàn rẹ̀ ṣe ògiri, kí àwọn tó ń jí èrò inú èèyàn má baà rí àṣírí àwọn oníbàárà. (Tó o bá ń pe orúkọ ẹ̀, á máa ṣe ọ́ bíi kó o kí i káàárọ̀.) Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ inú ara wọn? Èbu ni. Èbu tín-ín-rín tójú ò lè rí, tó ti ara àlejò yẹn jáde, tó sì kún inú afẹ́fẹ́, ló ń so awọ ara onírúurú èèyàn pọ̀ mọ́ra. Tẹ́nì kan ò bá fẹ́ kí wọ́n rí inú òun, kí ló máa ṣe? Á ra ìpara tí ń pa èbu, ìran èyí tá à ń rà ní kẹ́míìsì fún làpálàpá, á fi para.

Ìgbà tí mo ka ibẹ̀ ni mo dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Èbu ló ń fa làpálàpá lóòótọ́. Ọkùnrin yìí ò purọ́ sáyẹ́ǹsì, ó kàn fà á gùn ni. Ohun tó sì ṣe yẹn làwọn bàbá wa ń ṣe: kò sí oògùn tí kò ní èèwọ̀. Ẹni tó ní egbé, ó ní ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ. Agbára Kaaro tóbi, ìpara inú ike kékeré kan sì ti tó láti sọ ọ́ di ẹni bíi tèmi tìrẹ. Òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn gbogbo irú ìwé yìí nìyẹn, ọmọ mi. Mi ò bìkítà bóyá òṣó ló wà nínú ẹ̀ tàbí kọ̀ǹpútà. Mo máa kọ́kọ́ wá èèwọ̀ ẹ̀. Tí agbára bá kàn wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí wàhálà bá dé tí wọ́n kàn nawọ́ mú un, oorun máa gbé mi lọ.

Ní ti ọdún tó ń lọ tó ń bọ̀: mú bírò, kọ ọdún tó wà lókè orí kọ̀ọ̀kan sórí bébà, fi bébà náà sínú ìwé. Lójú tèmi, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà ọpọlọ ni Thompson, ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, ọmọ Yorùbá ni, Nàìjíríà ló sì gbé dàgbà. Ẹni tó ń fetí sí ìtàn aláìsàn láti àárọ̀ dalẹ́ mọ̀ pé kò séni tó ń rántí ìyà tó jẹ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kà á dé ibi tí igbá yẹn ti ń ṣí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń ṣí, gbogbo aláìsàn tó bá wà nítòsí á sì rí ìwòsàn. Wò ó bí èrò ṣe ń rọ́ lọ. Ẹni tó bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ́jọ́ ìpàdé àdúrà ńlá máa mọ èrò yẹn dáadáa. Àmọ́ ìwòsàn náà kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Òkú tó wà nítòsí á dìde, ara á yá, ẹni tó ni ara ò ní padà wá. Ìjọba á wá máa yìnbọn pa wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Mo pa ìwé dé níbẹ̀, mo lọ mu omi.

Mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ bá Kaaro rò. Ọ̀rọ̀ obìnrin ti pọ̀ jù lẹ́nu ẹ̀. Àwọn ojú ìwé kan wà tí mo yára ṣí kọjá, kì í ṣe pé mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ o. Ìwé náà gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke, tí wọ́n ń fún irú ìtàn yìí, ní ọdún 2019, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé kò tọ́ sí i.

Ìgbà tó sì jẹ́ Ifẹ̀ lo wà, tó o bá parí ẹ̀, wá Shigidi and the Brass Head of Obalufon, tí Wole Talabi kọ, ó jáde ní 2023. Ṣìgìdì inú rẹ̀ jẹ́ òrìṣà kékeré tí iṣẹ́ ti sú, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ẹ̀mí tí ọ̀gá ń yàn jẹ. Wọ́n ní kó lọ jí orí idẹ Ọbalùfọ̀n gbé ní British Museum. Ṣìgìdì tó bá fẹ́ tẹ́ ló ń ní kí wọ́n gbé òun sójò. Èyí ní kí wọ́n gbé òun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí òjò kì í ti í dá bọ̀rọ̀! Kó o tó bẹ̀rẹ̀, fẹsẹ̀ rìn dé agboolé Wúnmọníjẹ̀ lẹ́yìn ààfin. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé níbẹ̀ kan orí idẹ lábẹ́ ilẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn orí yẹn wà ní British Museum títí dòní. Dúró síbẹ̀ díẹ̀, kó o tó lọ ka bí wọ́n ṣe ń jí i padà.

Ẹ kú làálàá, Ìyá wa. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 14, kò fẹ́ jẹun mọ́ nítorí ìwé kan, Children of Blood and Bone. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, mo ṣí i wò. Orúkọ Ọya àti Ṣàngó ló kún ibẹ̀. Ìlọrin sì wà létí òkun, wọ́n ń pẹja níbẹ̀! Ìyàwó mi ní ìbọ̀rìṣà ni, kí n sun ún. Èmi ní ti pé ó ń ba ìmọ̀ ọmọ jẹ́. Kí lẹ rí sí i?
*Bàbá Ìbejì, Òṣogbo*

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Bàbá Ìbejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun ìwé. Mo ti rí àwọn tó sun ún rí. Ọmọ á lọ kà á nílé ọ̀rẹ́ ẹ̀, kò sì ní sọ nǹkan kan fún yín mọ́.

Mo rẹ́rìn-ín Ìlọrin títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọmọ Ìlọrin ni ọkọ mi, kí Ọlọ́run dẹ̀ ẹ́ ní ilẹ̀. Kò lè lúwẹ̀ẹ́ dé òdì kejì kòtò omi. Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan tí òǹkọ̀wé náà ṣe. Tomi Adeyemi, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí rẹ̀. Ìlú Salvador ní Brazil, níbi tó lọ kẹ́kọ̀ọ́, ni àwòrán àwọn òrìṣà ti kọ́kọ́ mú un lọ́kàn. Ẹ padà lọ wo bí wọ́n ṣe kọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì nínú ìwé yẹn. «Oxosi» ni. Bí àwọn ará Brazil ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ wo «Babalúayé» náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Kúbà. Orúkọ tí wọ́n fi ọkọ̀ ẹrú kó lọ ló gba ọ̀nà òkun padà dé ọwọ́ ọmọ yín. Ẹ̀yin ará Òṣogbo lẹ sì yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá wọn mọ̀. Ṣebí àwọn ará Brazil kan náà ló ń wá síbi ọdún Ọ̀ṣun yín lóṣù kẹjọ, tí wọ́n ń kọrin tó jọ tiyín, tí ohùn ẹ̀ kàn yí díẹ̀?

Ti ìbọ̀rìṣà tí Ìyá Ìbejì sọ, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ló wà nídìí ìwé yẹn ju ọ̀rọ̀ òrìṣà lọ. Àwọn tí irun wọn funfun láti ọmọdé ni ọba ń ni lára nínú ìtàn náà, ó ti pa àwọn òbí wọn tán. Òǹkọ̀wé sọ ọ́ fúnra rẹ̀ ní ìparí ìwé pé ìgbà tí ọlọ́pàá ń yìnbọn pa àwọn èèyàn dúdú tí kò di nǹkan kan mọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà lòun kọ ọ́, nínú ẹkún àti ìbẹ̀rù. Aṣọ tiwa ló wọ̀ fún un. Ọgbẹ́ Amẹ́ríkà ni.

Ṣé mo fẹ́ràn ẹ̀? Ààbọ̀. Zélie, ọ̀kan nínú àwọn tó ń sọ ìtàn náà, gbóná, mo fẹ́ràn ẹ̀. Èyí tí kò wọ̀ mí létí ni ìfẹ́ òun àti ọmọ ọba. Ẹni tó ń lé ẹ kiri láti pa ẹ́, kí oṣù tó yí po ẹ ti ń wo ara yín lójú báyẹn? Àmọ́ ọmọ ọdún 14 kọ́ ni mí.

Ohun tí màá bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ ṣe nìyí. Ọfọ̀ inú ìwé náà, Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ jókòó tì í, ẹ ní kó kà á sókè fún yín. Á ṣi ohùn pè. Ẹ tún un ṣe fún un. Kò tún sí ohun tó máa mú kó bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ kọ́ òun ní àmì ohùn.

Tó bá parí ẹ̀, ẹ wá A Wizard of Earthsea fún un, ìwé Ursula Le Guin, 1968. Ìwé tín-ín-rín ni, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọmọkùnrin kan, Ged, tí àwọ̀ ara rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀, ń kọ́ṣẹ́ oṣó. Níbẹ̀, ohun gbogbo ló ní orúkọ tòótọ́, orúkọ ìkọ̀kọ̀, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n ló ni ọ́. Kò yẹ kẹ́nì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ìyẹn fún Yorùbá. Ìyá mi kò gbà kí a dáhùn bí wọ́n bá pe orúkọ wa lóru tí a ò rí ẹni tó pè wá. Ged fẹ́ fi hàn àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ṣe, ó pe òkú, òjìji kan sì bá a jáde, ó ya á lójú. Ó sá fún un títí. Nígbà tó yá, ó yí padà ó bẹ̀rẹ̀ sí í lé e. Orúkọ tó fi pe òjìji náà nígbẹ̀yìn, mi ò ní sọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wá sọ ọ́ fún yín.

Ìyá Oníwèé, ẹ jẹ́ ká gbọ́ òótọ́: ìwé wo lẹ gbé tí ẹ ò lè kà tán?
*Olùkọ́, Ṣakí*

Dune, ti Frank Herbert, 1965. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbìyànjú. Ìdìtẹ̀ ìdílé sí ìdílé ti pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀dá sì pọ̀ débi pé wọ́n ní láti to ìtumọ̀ wọn sẹ́yìn ìwé.

Ṣùgbọ́n mi ò lè gbàgbé ibì kan. Ayé tí wọ́n ń gbé gbẹ, aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ ló ń fa òógùn wọn, á sẹ́ ẹ, kí wọ́n lè mu ún padà. Olórí àwọn ará aṣálẹ̀ yẹn wá kí ìjòyè tuntun, ó dé ibi tábìlì, ó tu itọ́ sórí ẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti fẹ́ fa nǹkan ìjà yọ. Ẹnì kan tó mọ àṣà wọn ló yára sọ̀rọ̀: ẹni tó fún ọ ní omi ara rẹ̀, ó bọ̀wọ̀ fún ọ ni. Inú ọyẹ́ ni mo kà á. Kànga wa ti gbẹ, mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà, kẹ́ẹ̀gì sí kẹ́ẹ̀gì, mo sì ń bá a jà pé kò kún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mi ò bá a jà mọ́. Tí ìyókù ìwé náà bá rí bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá ti kà á tán.

Ẹ káàsán, mà. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 9, ti ka The Hobbit lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kan nínú bọ́ọ̀sì, ó bi mí bóyá àwọn Yorùbá náà ní dírágónì. Èsì ò sí lẹ́nu mi. Ojú tì mí.
*Nọ́ọ̀sì, Lọ́ńdọ̀nù*

Má jẹ́ kójú tì ọ́, ọmọ mi. Sọ fún un pé a ò ní dírágónì, Agbako la ní, kó sì wò ó bóyá dírágónì tiẹ̀ lè dúró níwájú ẹ̀.

Sọ èyí náà fún un, àwọn ọmọdé fẹ́ràn ọdún: September 1937 ni The Hobbit jáde. Ní 1938, olùkọ́ kan tó jẹ́ ọmọ Òkè-Igbó, Daniel Fágúnwà, gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, iléeṣẹ́ ìwé CMS ló tẹ̀ ẹ́. Ọdún kan ló wà láàárín wọn. Bí Tolkien, ẹni tó kọ The Hobbit, ṣe kó àràrá 13 àti Bilbo lọ sórí òkè, bẹ́ẹ̀ ni Fágúnwà kó ọdẹ lọ sí Òkè Láńgbòdó, olúkúlùkù pẹ̀lú ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe: Kàkó tòun ti kùmọ̀ ẹ̀, Ìmọ̀dòye ọlọ́gbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ tí orin ẹ̀ ń mú ẹranko dúró, Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ tó gbọ́ èdè àwọn ẹranko.

Kíláàsì mẹ́rin ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ pàdé Agbako nínú ìwé Fágúnwà yẹn. Bàbá mi ń rán aṣọ nínú yàrá, àtùpà kan ṣoṣo ló wà, mo wá jókòó sẹ́bàá máṣíìnì láti jí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ lò. Fìlà irin ni Agbako dé, ẹ̀wù idẹ ló wọ̀, ṣòkòtò awọ. Ojú mẹ́rìndínlógún ló yí orí ẹ̀ ká. Mo ka ojú yẹn lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá mi lójú. Ilé ìtọ̀ wa wà lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ igi ọ̀pẹ. Mi ò lọ síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹní ti tutù, ìyá mi sì ti mọ ẹni tó yẹ kó lù.

Má ra ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká ṣe ní 1968 fún ọmọ ọdún 9. Ìwé ńlá ni, èdè ẹ̀ ki jù fún un. Ti Yorùbá ni kó o rà fún ara rẹ. Ìwọ kà á ní Yorùbá lọ́jọ́ tó ò lọ síṣẹ́, lálẹ́ kó o wá fẹnu ara rẹ pa á nítàn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, kó o dá a dúró níbi tó gbóná. Fo ìwàásù. Fágúnwà fẹ́ràn ìwàásù, gbogbo wa nílé ẹ̀kọ́ la máa ń fò ó. Fo ibi tí Kàkó ti ṣe ìyàwó ẹ̀ níkà náà. Ìyẹn, èmi tí mo dàgbà ò tíì dárí ẹ̀ jì í.

Tó bá ní kó o ya Agbako fún òun, ní kó fúnra ẹ̀ yà á. Ojú kò gbọ́dọ̀ dín ní mẹ́rìndínlógún.

Ìyá mi, ṣé lóòótọ́ ni pé ará ìlú wa ló kọ ìtàn ọ̀mùtí tó lọ sílùú òkú, pé kò sì kàwé púpọ̀?
*Onímọ́tò, Abẹ́òkúta*

Òótọ́ ni, ọmọ mi. Amos Tutùọlá, Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní 1920. Kò kọjá ìwé mẹ́fà, ìránṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe l'Ékòó nígbà tí iléeṣẹ́ Faber ní Lọ́ńdọ̀nù gbé The Palm-Wine Drinkard jáde ní 1952. Àwọn òyìnbó yìn ín. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa bínú, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ń tì wọ́n lójú. Ọ̀mùtí náà ń mu kẹ́ẹ̀gì ẹmu 150 láàárọ̀, 75 nírọ̀lẹ́, ìgbà tí adẹ́mu ẹ̀ wá já látorí ọ̀pẹ tó kú, ó ní òun ò gbà, ó tọ̀ ọ́ lọ sílùú àwọn òkú. Ìwọ tó ń wakọ̀, wá ọmọ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kó kà á fún ẹ nígbà tẹ́ ẹ bá ń dúró de èrò. Ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọkùnrin arẹwà tí omidan kan tẹ̀ lé láti ọjà. Gbogbo ara tó gbé wá sọ́jà, ó yá a ni. Bí wọ́n ṣe ń lọ lọ́nà, ó ń dá ẹsẹ̀ padà fún ẹni tó ni ín, ó ń sanwó, ó ń dá apá padà, ó ń sanwó, títí ó fi ku agbárí nìkan tó ń yí gbirigbiri nílẹ̀. Mo mọ àwọn kan ládùúgbò wa tí ìtàn yẹn máa bá mu, nítorí mọ́tò tí wọ́n ń san owó ẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tó wá kí mi nílé, tó yá apá kejì Rosewater, ó mọ ara ẹ̀. Ìgbà kejì tí mo ń ka apá kìíní yìí, àìrí ìkejì ló fà á, ó sì ku ojú ìwé 40 péré kí n parí ẹ̀. Bí epo bá ti kán sí i, mi ò ní bínú. Ẹ ṣáà gbé e wá.